Bóòtù onírìmóòtù tó ń sáré, owó táṣẹ́rẹ́: ẹ bá mi dá sí i

OmoEpe_22
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, ilé wa kò jìnnà sí ọ̀sà. Àwọn fláyìn bóòtù tó ń kó èrò máa ń kọjá tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti kan kékeré tèmi, tí màá máa fi rìmóòtù darí láti èbúté. Kò ní ju ìgbọ̀nwọ́ kan àti díẹ̀ lọ.

40,000 náírà ni mo ní, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ títí ọdún yóò fi parí. Ohun tí mo ti kó jọ: mótò inú dírìlì tòkunbọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú, bátìrì láptọ́ọ̀pù méjì tí ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà kan fẹ́ dà nù, àti ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé tí rìmóòtù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kó sáré gan-an. Ṣé kí n wá mótò tó tóbi ju ti dírìlì lọ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Rewaya_Bodija
Àbúrò, ta ni yóò fi ẹ́ rẹ́rìn-ín? Àwa tí a fi agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀ nígbà tí a wà ní kékeré ló kún ibí.

Fi ti mótò ńlá sílẹ̀. Èyí tó wà nínú dírìlì yẹn, tí ara rẹ̀ bá gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tó dín díẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní 550 ni. Fún un ní 11 fólítì, ó ti lágbára ju ohun tí bóòtù rẹ nílò lọ. Ibi tí bóòtù tálákà ti máa ń kú ni ṣáàfù, ọ̀pá tó so mótò mọ́ pùròpẹ́là. Mo ti rí bóòtù tí wọ́n fi mótò olówó ńlá sí, tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, tí kò sì lè borí ewúrẹ́ tó ń wẹ̀. Ṣáàfù rẹ̀ ló wọ́.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Lọ bá àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, kí wọ́n gé páìpù bàbà oní-ìdá-mẹ́rin íǹṣì fún ẹ, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ihò inú rẹ̀ á gba ọ̀pá irin onímìlímítà 4, àyè díẹ̀ á sì kù fún gíríìsì. Ẹnu méjèèjì páìpù ni kí o ti fi búṣì sí, kí ọ̀pá má baà máa jó nínú rẹ̀. Má ra búṣì. Wá áńtẹ́nà rédíò tó ti kú, èyí tí wọ́n ń fà gùn. Idẹ ni lábẹ́ ohun dídán tó wà lára rẹ̀, ìwọ̀n oríṣiríṣi ló sì wà nínú ẹyọ kan. Èyí tó bá wọ páìpù, tí ọ̀pá sì wọ inú rẹ̀, ìyẹn ni búṣì rẹ.

Láti so mótò mọ́ ọ̀pá, róbà epo ọ̀kadà ti tó. Má yọ eyín kékeré tó wà lórí mótò dírìlì. Róbà á dì í mú dáadáa, kí o wá fi wáyà wé e níta. Kí àlàfo tó wà láàrin orí mótò àti orí ọ̀pá má ju ìbú ìka ọmọńdinrín lọ. Tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, róbà á máa fò bí okùn tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré.

Mótò ni kí o lẹ̀ kẹ́yìn. Kọ́kọ́ lẹ páìpù mọ́ ara ọkọ̀, fi ọ̀pá sí i, so mótò mọ́ ọn, kí o jẹ́ kí mótò fúnra rẹ̀ wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Fi mítà sí ojú wáyà. Wo iye ámpù tí mótò ń jẹ nígbà tó ń dá yí, kí o wo iye tó ń jẹ nígbà tí ó bá ń yí ọ̀pá. Tí èkejì bá fi púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó wọ́ nìyẹn. Sún un sọ́tùn-ún, sún un sókè, títí nọ́ńbà á fi rẹlẹ̀ tí ariwo á sì rọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kí o da epoxy (gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń po oríṣi méjì pọ̀ kó lè le) sí ìdí rẹ̀.

OmoEpe_22
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé mi ò lè lo sípókì kẹ̀kẹ́ dípò ọ̀pá? Mo ní i nílé.

Rewaya_Bodija
Sípókì dára fún bóòtù tí wọ́n fi mótò DVD ṣe, kí ike inú bíró jẹ́ páìpù rẹ̀. Mìlímítà 2 ni. Mótò 550 á lọ́ ọ bí ẹni lọ́ wáyà. Ọ̀pá irin tí kì í dípata ni kí o wá, kí o gbé e fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ léèdì (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè gé e), kó gé ojú nọ́ọ̀tì M4, ti mìlímítà 4, sí i lẹ́nu. Pùròpẹ́là oníke tó ń wọ M4 ló wọ́pọ̀ jù lọ.

GbenaGbena_Ijebu
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara ọkọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo sì ti ba mẹ́ta jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Plywood onímìlímítà 3. Má ra odindi. Àjákù ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan á tó ẹ, bóyá owó omi tútù lo máa san. Gígùn sẹ̀ǹtímítà 55, ìbú 18. Pákó méjì ni yóò jẹ́ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n pàdé láàrin bíi lẹ́tà V tó là gbàgà, kì í ṣe V tó mú bí imú ẹja. Lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí wọn, fi wáyà tí àwọn ayọ́nbẹ́ńdà fi ń so irin rán wọn pọ̀ bí ẹni rán aṣọ. Da epoxy sí ojú ìrán láti inú. Tó bá gbẹ, gé wáyà dànù, kí o fi aṣọ fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ bo ìta rẹ̀. Àwọn tó ń tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá títì máa ń ní àjákù fáíbà. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwa káfíńtà fi ń lẹ àga, má jẹ́ kó sún mọ́ iṣẹ́ yìí. Tó bá ti fojú kan omi, ó ti padà di wàrà.

Ibi tí mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí nìyí. Káfíńtà ò lè rí etí pákó kó má fi sáńpépà yí i po, kó lè rẹwà. Má ṣe é níbi ìdí ọkọ̀ o! Etí ìsàlẹ̀ ní ẹ̀yìn pátápátá, àti etí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n mú ṣámúṣámú. Mú ẹ̀yìn ṣíbí, kí o fi kan omi tó ń dà láti ẹnu ẹ̀rọ. Wàá rí i pé omi á tẹ̀ lé ara ṣíbí, á sì fà á mọ́ra. Ohun tí omi ń ṣe sí ìdí ọkọ̀ tí wọ́n yí po nìyẹn, á máa fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Etí tó mú ni omi ń fi sílẹ̀ kíákíá. Bóòtù mi kẹta, epoxy díẹ̀ tí mo fi mú etí ẹ̀yìn rẹ̀ padà sípò ló fi ń lọ lórí omi. Mi ò pààrọ̀ nǹkan mìíràn.

Gbé rúlà sí abẹ́ rẹ̀ náà. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ tọ́ bí ìlà. Tó bá tẹ̀ wọlé tàbí ó yọ ikùn, ọkọ̀ á máa ṣe bí ó ti wù ú.

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ki í kún imú ọkọ̀ kí o tó bo orí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí omi bá wọlé, kó má baà rì. Kí o tó fi wáyà kankan síbẹ̀, gbé e sínú bàsíà omi ńlá láti alẹ́ di òwúrọ̀.

OjuOro
Kí ló dé tí ẹ ń da ọmọ láàmú pẹ̀lú bátìrì láptọ́ọ̀pù? Kó gba bátìrì UPS kan (ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ), 12 fólítì nìyẹn, kò sí wáhálà, kì í sì í tètè gbiná.

Rewaya_Bodija
Èyí tó wà nínú UPS, oní-7Ah, ó ju kílò méjì lọ. Gbogbo bóòtù náà kò yẹ kó ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ fẹ́ kó sáré àbí ẹ fẹ́ kó jẹ́ ìdákọ̀ró?

OjuOro
Mo ti gbọ́ o, ọ̀gá.

IyaTekiniko
Ọmọ mi, ẹ kú ìtara. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, a sì ti kan méjì.

Rìmóòtù ọkọ̀ ìṣeré yẹn, fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ ìṣeré. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò lè ru ámpù tí mótò 550 ń jẹ, ìṣẹ́jú kan ló máa fi jó. Àwọn kan á ní kó máa tan rílè (swíìṣì tí iná kékeré ń tàn), kí rílè máa tan mótò. A ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dùn. Ọjọ́ kẹta ni irin inú rílè jó lẹ̀ mọ́ra wọn, bóòtù kò bá dúró mọ́. A tẹ rìmóòtù títí ọwọ́ ń ro wá. Ó kọrí sáàárín òṣíbàtà, ó ń gbọ̀n níbẹ̀ títí mótò fi rú èéfín, ẹ̀rín àwọn ọmọ kíláàsì kejì kò sì tíì tán lára mi di òní.

Ibi tí owó rẹ yóò lọ ni rìmóòtù 2.4GHz àti ESC, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún mótò kó lè yára tàbí kó rọra. ESC fún mótò oníbúrọ́ọ̀ṣì bíi tìrẹ, tó ní BEC nínú: ìyẹn á yọ 5 fólítì fún risífà (ohun tó ń gbọ́ rìmóòtù nínú ọkọ̀) àti servo (mótò kékeré tó ń yí ìtọ́kọ̀), o ò ní nílò bátìrì kejì. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n kọ 320A sí lára gàdàgbà. Irọ́ ni. Mú un bí ẹni tó lè ru ámpù 20 tàbí 30, á sìn ẹ́ dáadáa. Mo ní rìmóòtù FlySky àtijọ́ kan pẹ̀lú risífà rẹ̀ tí a kò lò mọ́. Màá fún ẹ ní 15,000. Kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Ohun mẹ́ta lórí rẹ̀, mo sì fẹ́ kí o ṣe gbogbo wọn. Ìgbì 2.4GHz kì í la omi já, nítorí náà gbé áńtẹ́nà risífà jáde lórí ọkọ̀ nínú sítíróò, kí ibi tí wọ́n bó lẹ́nu rẹ̀, bíi mìlímítà 31, wà lókè pátápátá. Fi risífà fúnra rẹ̀ sínú bàlúùnù ọmọdé, kí o so ẹnu rẹ̀ mọ́ wáyà. Kẹta, ṣètò rẹ̀ kí mótò dúró fúnra rẹ̀ tí kò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́. Dán an wò nílé, gbé ọkọ̀ lé àpótí kí pùròpẹ́là má kan ohunkóhun, mú un yí, pa rìmóòtù. Tí mótò kò bá dúró, ọkọ̀ náà kò tíì yẹ fún omi.

Lẹ kàpásítọ̀ kékeré mẹ́ta tí wọ́n kọ 104 sí mọ́ mótò: ọ̀kan láàrin ojú wáyà méjèèjì, ọ̀kan láti ojú kọ̀ọ̀kan sí ara irin mótò. Ó ń dín ariwo tí búrọ́ọ̀ṣì ń dá sí risífà kù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Mo ń bẹ̀ ẹ́, tí ọkọ̀ bá kú sáàárín ọ̀sà, má wọ omi tẹ̀ lé e. So bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì mọ́ okùn ìpẹja, jù ú kọjá ọkọ̀, kí o máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tàbí kí o bẹ ọlọ́kọ̀ àjẹ̀.

Rewaya_Bodija
Màámi ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó ku bátìrì.

Inú bátìrì láptọ́ọ̀pù, ẹyọ rìbìtì tí wọ́n ń pè ní 18650 ló wà níbẹ̀, mẹ́fà mẹ́fà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Fi ike ṣí i, má fi ọ̀bẹ. Fi mítà wọn fólítì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó ti lọ sísàlẹ̀ 2.5 fólítì, má ṣe gbìyànjú láti jí i. Fi ṣájà fún ìyókù ní iná dé 4.2 fólítì, fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o tún wọ̀n. Èyí tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kúrò lẹ́gbẹ́.

Bátìrì láptọ́ọ̀pù kò ní ipá bíi ti dírìlì. Má béèrè ju ámpù 4 lọ lọ́wọ́ ẹyọ kan. Nítorí náà so mẹ́ta pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn (orí mọ́ orí, ìdí mọ́ ìdí), kí o wá to irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra (orí mọ́ ìdí). 11.1 fólítì nìyẹn, ámpù 12, ìwọ̀n rẹ̀ á sì tó gíráàmù 400 àti díẹ̀. Fíúsì ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù, oní-15, kí ó wà lẹ́nu bátìrì. Kì í ṣe bó bá wù ẹ́ o.

Ṣájà tó ń pín iná dọ́gba fún ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí o lò. Tí o kò bá ní, yá a. Má fi í sí ṣájà lóru tí o ń sùn, má gbé e sórí ibùsùn, kí garawa yanrìn gbígbẹ wà nítòsí. Mo ti rí èyí tó gbiná rí, kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣàwàdà.

AraPeckham
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Tí ọ̀rọ̀ ṣáàfù àti omi tó ń wọlé bá dẹ́rù bà ẹ́, ọ̀nà kan wà tí kò ní ihò kankan nínú: gbé mótò sókè lórí òpó kékeré lẹ́yìn ọkọ̀, kó máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi ti bàálù. Abẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ, ojú oró ò lè dì í lọ́wọ́. Ó yẹ fún omi tí ewéko kún. Kí o fi àwọ̀n irin yí abẹ̀bẹ̀ ká ni o, ìka kì í hù padà.

Mo rántí pé bóòtù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo eré rìmóòtù yìí náà. Ní 1898, Nikola Tesla gbé ọ̀kan tó ń lo bátìrì han àwọn èèyàn nínú adágún àtọwọ́dá ní Madison Square Garden, New York. Kò tíì sí rédíò nílé ẹnikẹ́ni nígbà náà.

OmoEpe_22
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí pùròpẹ́là rẹ̀ wà lábẹ́ omi ló ń wù mí. Màámi, mo ti kọ̀wé sí yín.

OmoEpe_22
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Mo ti parí rẹ̀! Bátìrì mẹ́sàn-án ló yè nínú méjìlá. Mo gbé e lọ sí ọ̀sà lánàá, ó lọ, ṣùgbọ́n wàhálà mẹ́ta ló wà. Imú rẹ̀ ń fò sókè-sódò bí ẹṣin tí inú ń bí. Ó ń tẹ̀ sí òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fíúsì já, mótò sì gbóná tí mi ò lè fọwọ́ kàn án. Pùròpẹ́là onímìlímítà 42 ni mo lò, mo rò pé èyí tó tóbi ló máa sáré jù.

GbenaGbena_Ijebu
Imú tó ń fò, bátìrì ti sún sẹ́yìn jù. Wá ibi tí ọkọ̀ ti dúró dọ́gba lórí ìka méjì. Kí ó jẹ́ bíi ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìdí. Sún bátìrì síwájú ní sẹ̀ǹtímítà kan, dán an wò, kí o tún sún un. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú wa omi, o ti kọjá àyè nìyẹn.

Rewaya_Bodija
Tí o bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀, tí pùròpẹ́là ń yí bí ọwọ́ aago, ara ọkọ̀ á fẹ́ yí sí òdìkejì. Ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀ sí òsì. Sún bátìrì sọ́tùn-ún díẹ̀.

Pùròpẹ́là 42 pọ̀ jù fún mótò yẹn, àfi bíi kí a ní kí ọ̀kadà fa tírélà. Lọ sí 32. Mótò á lè yí dé ibi tó yẹ kó yí dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, mú un wálé, fọwọ́ kan mótò. Tí o kò bá lè fi ọwọ́ síbẹ̀ títí wàá fi ka márùn-ún, kò tíì tó. Padà sọ́dọ̀ àwọn oní-fíríìjì, gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, wé e mọ́ ara mótò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Kí ẹnu kan dojú kọ omi lẹ́yìn pùròpẹ́là, kí èkejì máa tu omi jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Tí o bá ti rí omi tó ń tu jáde, o mọ̀ pé ó ń tutù.

IyaTekiniko
Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Tí o bá dé ilé, ṣan ṣáàfù àti ìtọ́kọ̀ pẹ̀lú omi mímọ́, fa ọ̀pá jáde, nù ún, fi gíríìsì tuntun sí i. Ìgbàkígbà tó bá jáde ni o.

OmoEpe_22
Mo ti padà dé. 32 ni mo fi sí i, bátìrì sún síwájú ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, sọ́tùn-ún ní bíi ìdajì. Páìpù náà ń tu omi bí ọmọ tó ń tọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ló fi sáré, fíúsì kò já, mótò lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ó ń lọ lórí omi débi pé ìdí rẹ̀ nìkan ló kan án! Awakọ̀ fláyìn bóòtù kan dẹwọ́ eré kó lè wò ó, àwọn èrò inú rẹ̀ sì ń pariwo.

Owó tó lọ: rìmóòtù 15,000, ESC, servo, epoxy, ọ̀pá àti léèdì, pùròpẹ́là méjì. Ó ku 2,300 lọ́wọ́ mi. Màá fi ra ọ̀dà.

OjuOro
Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Bóòtù rẹ á máa lékè. Àwọ̀ wo lo fẹ́ kùn ún?

GbenaGbena_Ijebu
Pupa tàbí ọsàn. Kó má kun ún ní búlúù o, kò ní rí i mọ́ lójú omi.